Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé: ẹ̀yin òbí, ẹ wọlé, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ jòjòló ni mo wà, àwọn tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń tọ́jú. Ohun kan wà tí mo máa ń rí tó máa ń dùn mí wọra, ìyẹn ni kí ìyá ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kó máa yọjú, kó máa bèèrè pé "nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè wọlé?" Bàbá ọmọ ń kọ́? Ó wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó, tó bá sì ti san án tán ó rò pé iṣẹ́ tòun ti parí nìyẹn. Wọ́n ti rí ẹ̀rọ, wọ́n ti rí wáyà, wọ́n ti rí bí ọmọ ṣe kéré tó, wọ́n wá gbà lọ́kàn pé ọmọ ti di ti dókítà, àwọn á kàn máa wá kí i títí wọ́n á fi gbé e fún àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tí a fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, èyí tó lágbára jù níbẹ̀, ara yín ló ti ń wá: àyà yín, omi ọyàn yín, ohùn yín. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oṣù. Ọ̀sẹ̀ la fi ń ka oyún ní ọsibítù. Oyún tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37 ti tó bí, ọmọ tó bá dé ṣáájú ìyẹn la ń sọ pé oṣù ẹ̀ ò pé. Àmọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 36 àti ọmọ ọ̀sẹ̀ 27, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn o. Èyí tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 34 lè má nílò ju kí ara ẹ̀ móoru kó sì máa rí ọyàn mu, èyí tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 28, kò sí ibì kan lára ẹ̀ tó tíì ṣe tán, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun, ojú, ọpọlọ, awọ ara gan-an. Àjọ WHO ṣírò pé lọ́dún 2020, ọmọ tó tó mílíọ̀nù 13.4 ni wọ́n bí lágbàáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, ìyẹn nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọ 10. Torí náà tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan layé ń bá jà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń sọ, pé ọmọ oṣù méje máa ń yè ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í yè. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó jáde yunifásítì. Kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá tún lò nínú ikùn ìyá ẹ̀ ló ń fún un lágbára sí i, ọmọ oṣù mẹ́jọ ní àǹfààní ju ti oṣù méje lọ, ó sì jù ú lọ dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé àwọn ẹbí tó gbà á gbọ́, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé oṣù mẹ́jọ ni, ọwọ́ wọn á rọ, wọn ò ní fẹ́ náwó mọ́, wọ́n á ti máa tu ìyá ọmọ nínú nígbà tí ọmọ ṣì ń mí, tó ń gbẹ́sẹ̀, tó ń sunkún.

Ẹ̀bi ta wá ni? Ìyá ni wọ́n máa ń dì í rù. Wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní kò fi píìnì há aṣọ, wọ́n á ní ó gbé omi, ó bá ọkọ ẹ̀ jà, àwọn kan tiẹ̀ máa ń pe ọmọ ní àbíkú kó tó lójọ́ lórí. Ohun tí àwa ń rí ni ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún, ibà, ínfẹ́kṣọ̀n inú ìtọ̀ tàbí ti ojú ara, omi tó tètè tú, ẹnu ilé ọmọ tí ò lágbára, àti ìbejì. Àwa Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, tí Igbó-Ọrà wà lọ́dọ̀ wa, ó yẹ ká mọ eléyìí ju gbogbo èèyàn lọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn ìbejì ni kì í dé ọ̀sẹ̀ 37. Nígbà tí síkáànù bá ti fi hàn pé méjì ni wọ́n, kí ètò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ wádìí ọsibítù tó ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ tọ́jú owó díẹ̀ sọ́tọ̀. Ìgbà míì sì wà tí a ò ní rí ìdí kankan rárá tí ọmọ fi tètè dé. Ìyá tó ń jókòó ti ọmọ ẹ̀, tó ń fún ọyàn láàárín òru, ẹ má bi í pé kí ló ṣe. Ẹ bi í pé ṣé ó ti jẹun.

Tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ tí oṣù ò tíì pé, tàbí tí omi bá tú, ẹ má dúró sílé, ẹ má sì lọ dúró níbi tí wọn ò ti ní ohunkóhun fún ọmọ. Ó sàn kí ọmọ dé ọsibítù ńlá nígbà tó ṣì wà nínú ikùn ju kí wọ́n bí i síbì kan kí wọ́n wá fi ọ̀kadà àti tówẹ́ẹ̀lì gbé e kiri ìlú. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún fún ìyá, dexamethasone lorúkọ ẹ̀, kò wọ́n rárá, tí ọmọ bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 34, abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó kí wọ́n tó bí i. Wákàtí díẹ̀ ló ń fẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ tètè dé.

Ẹ̀dọ̀fóró yẹn gan-an ló máa ń dẹ́rù ba àwọn òbí jù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Nǹkan kan wà tí ara máa ń pèsè tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò yẹn lẹ̀ pọ̀, dókítà ń pè é ní surfactant, ọmọ tó bá dé láìtọ́jọ́ kì í ní in tó. Tó bá ti mí síta báyìí, àwọn àpò yẹn á lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá tó tutù, kó tó tún ṣí wọn ó máa ń gbà á lágbára, ẹ ó máa rí i pé àyà ẹ̀ ń wọnú, ó ń kérora, imú ẹ̀ ń fẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi máa fi CPAP sí i nímú, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé kí àwọn àpò yẹn má bàa lẹ̀ pọ̀. Ẹ máa rí rọ́bà méjì kéékèèké ní imú ọmọ, ẹ ó tún rí ìgò omi kan tó ń hó pùtùpùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgò yẹn ò bàjẹ́ o! Híhó tó ń hó yẹn ló ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń wọlé, tí kò bá hó mọ́ ni kẹ́ẹ pè wá. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi tó wà ní Imperial College ní London, ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí lọ́nà tí owó ẹ̀ ò fi ní ga jù fún àwọn ọsibítù wa, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science lọ́dún 2023. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ eléyìí fún àwọn bàbá tó rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni ojútùú ti lè wá.

Àwọn ọmọ yìí tún máa ń gbàgbé láti mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ á kàn dákẹ́, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá á fò dìde. Ọpọlọ ẹ̀ ló ṣì kéré. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí nọ́ọ̀sì bá ti fọwọ́ ra á ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn, á rántí, á tún máa mí lọ. Oògùn tí wọ́n ń lò fún un ni kaféènì, irú èyí tó wà nínú kọfí, wọ́n á wọ̀n ọ́n níwọ̀n tó bá ara ọmọ mu. Tí ẹ bá jókòó tì í tí ẹ̀rọ ké, ẹ wo ọmọ kẹ́ẹ tó wo ẹ̀rọ. Ṣé àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò? Ṣé ètè ẹ̀ pọ́n? Wáyà ló sábà máa ń yọ lẹ́sẹ̀. Tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti yí padà, ẹ pariwo pè wá, a ò ní bínú.

Ó yá, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí.

Lọ́dún 1978 ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey Sanabria wà ní ọsibítù ìyá àti ọmọ kan tí ínkúbétọ̀, ìyẹn àpótí tó ń mú ara ọmọ móoru, ò ti tó, ọmọ méjì mẹ́ta ń pín ẹyọ kan, àrùn ń ràn láàárín wọn, wọ́n ń kú. Ó wá ní kí wọ́n gbé ọmọ sí àyà ìyá ẹ̀ ní ìhòòhò, kí wọ́n dì í mọ́ ọn, kó wà níbẹ̀ tọ̀sántòru. Ẹranko káńgárù ló ń gbé ọmọ ẹ̀ sínú àpò níwájú bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á yọ tí wọ́n fi ń pè é ní Kangaroo Mother Care, àwa ń pè é ní KMC. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí àìrówóra ni, pé ìyá tó bá lówó, ínkúbétọ̀ ló yẹ kó lò. Mo fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní ọsibítù márùn-ún, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà, àti ní ilé wa níbí, ọsibítù OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni o! Ọmọ 3,211 tí ìwọ̀n wọn wà láàárín kílò kan sí bíi kílò kan ààbọ̀ àti díẹ̀, kò tó kílò 1.8. Wọ́n gbé àwọn kan sáyà ìyá wọn kété tí wọ́n bí wọn, kódà nígbà tí ara wọn ò tíì balẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù dúró nínú ẹ̀rọ títí ara wọn á fi balẹ̀ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28, nínú àwọn tó wà láyà ìyá wọn, 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, nínú àwọn tó dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Wọ́n tiẹ̀ dá ìwádìí náà dúró kó tó parí torí pé kò ní dáa kí wọ́n máa fi í du àwọn tó kù. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tó di 2022, WHO yí ìlànà padà fún gbogbo ayé pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ KMC lẹ́yìn ìbí lọ́gán, kó sì máa tó wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Àwọn ìyá tó gbé ọmọ sáyà nílé wa níbí wà lára àwọn tó kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ẹ wá ń bi mí pé ṣé ẹ lè wọlé!

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ dé ìgúnpá, ẹ bọ́ òrùka àti wọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi pàfíúmù para. Ọmọ ò ní wọ aṣọ, àfi naapì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ bọ́ bùlọ́ọ̀sì àti kọ́mú, a ó gbé ọmọ sáàárín ọyàn méjèèjì, á nàró, àyà ẹ̀ á kan àyà yín, orí ẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbọ̀n ẹ̀ á gbé sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa dí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á ká, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ó wá fi ọ̀já dì í, ọ̀já tiwa yìí náà, etí òkè ọ̀já á dé abẹ́ etí ọmọ, á le lápá àyà, àmọ́ a ò ní fún ikùn ẹ̀ pa torí ikùn ló fi ń mí. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ kó pílò sẹ́yìn kẹ́ẹ fi ẹ̀yìn tì, ẹ má dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi dáná, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi gbé omi gbígbóná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ lè jókòó, ẹ lè rìn díẹ̀, ẹ lè gbàdúrà, ẹ lè kọ orin fún un, oríkì ẹ̀ ló dáa jù lójú tèmi, ó mọ ohùn yín látinú ikùn. Ara yín á mú kí ooru ara ẹ̀ wà láàárín 36.5 sí 37.5 tó yẹ kó wà, mímí ẹ̀ á máa lọ déédéé, oorun ẹ̀ á jinlẹ̀, ọyàn yín náà á máa sẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé ojú máa ń tì yín láti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ. A máa ń ta kọ́tìnnì. Àyà yín náà móoru, irun àyà ò ṣe ọmọ ní nǹkan kan, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá ọmọ tí ò tíì lè dìde, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ gbé e sáyà. Mo ti rí bàbá tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rù tó sì jẹ́ pé nígbà tá a máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọyàn. Ọmọ tí ò tíì tó ọ̀sẹ̀ 34 kì í sábà lè fà, gbé mì, kó tún mí papọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu tàbí imú ẹ̀ lọ sínú ikùn. Omi ọyàn yín ló yẹ kó máa gba inú rọ́bà yẹn kọjá. Èyí tó ń kọ́kọ́ jáde, tó ki, tó pọ́n díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á nù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti dọ̀tí. Ìkán kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ló ń bá àrùn jà. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fún un, lẹ́yìn náà ní wákàtí méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, kó tó ìgbà 8 lójúmọ́ ó kéré tán, òru náà wà níbẹ̀ o, òru tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó lè má ju ìdajì ṣíbí lọ, ikùn ọmọ náà ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wo ìgò ẹlòmíì. Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ omi ọyàn ni pé ìfun àwọn ọmọ yìí rọ̀, àìsàn burúkú kan wà tí ìfun ọmọ fi máa ń wú tó sì ń jẹrà, àwọn ọmọ tó ń mu mílíìkì agolo ló sì ń kọlù jù. Tí dókítà bá ní kí wọ́n fi nǹkan kún un torí ìwọ̀n ọmọ, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa fún tiyín. Tí iná ò bá sí nílé, èyí tẹ́ẹ bá fún lè wà nínú ife mímọ́ tó ní ìdérí fún bíi wákàtí mẹ́rin tí ibẹ̀ ò bá gbóná jù. Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lẹ́nu, ife kékeré la máa ń lò, fídà máa ń ṣòroó fọ̀ dáadáa, ó sì máa ń kó kòkòrò.

Omi ń kọ́? Rárá. Àgbo ń kọ́? Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ọmọ tó wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀ ò lè gbé àgbo, ì báà jẹ́ ti jẹ̀díjẹ̀dí, ì báà jẹ́ ti gìrì. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa gan-an, àwọn ni wọ́n tọ́ wa dàgbà, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún ìyá ọkọ pé "rárá mà". Ohun tí mo máa ń gba àwọn ìyàwó nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n mú ìyá àgbà wá sí wọ́ọ̀dù. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá ṣàlàyé fún wọn, lẹ́yìn náà màá gbé ọmọ sí wọn láyà. Ìyá àgbà tó bá ti gbé ọmọ ọmọ ẹ̀ sáyà fún wákàtí méjì kí ìyá ọmọ lè sùn, òun gan-an ló máa padà di ọlọ́pàá tó ń lé àlejò nílé, tó ń ní "ẹ ti fọwọ́?"

Ìwẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìwẹ̀ tiwa, omi gbígbóná, kànìnkànìn, kí wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ jù sókè, kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ àwújẹ̀, kò sí èyí tí ọmọ yìí lè gbà. Awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, á bó. Òtútù á mú un kí wọ́n tó nù ún tán. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún níbi tó bá yẹ, ìwẹ̀ gidi á dúró títí tí wọ́n á fi ní ó ti tó. Ìwọ́ ọmọ, gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n bá fún yín nìkan ni kẹ́ẹ fi sí i, ẹ má fi rọ́ọ̀bù, ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran, ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó o.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti jọ́ńdísì, torí ó ń pa àwọn ọmọ wa lára. Ojú ọmọ á di yẹ́lò, ara á di yẹ́lò, nínú ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé ó tètè máa ń wọ ọpọlọ, ó sì lè sọ ọmọ di adití tàbí aláàbọ̀ ara títí ayé. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tàn sí i lára ni oògùn ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń bo ojú ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má gbé e lọ sá sóòrùn. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe ìwádìí kan l'Ékòó, èyí tó jáde ní 2015, tí wọ́n fi oòrùn ṣe ìtọ́jú jọ́ńdísì, àmọ́ abẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe sẹ́ oòrùn yẹn ni, nọ́ọ̀sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń wọn ooru ara wọn. Bákónì ilé yín ò rí bẹ́ẹ̀. Káńfọ̀ náà, àwọn róbótó funfun tí wọ́n máa ń kó sáàárín aṣọ ọmọ nínú àpótí, ẹ kó o dànù. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá a mu, tí wọ́n bá fa òórùn ẹ̀ símú ẹ̀jẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, jọ́ńdísì á sì le sí i lójijì. Aṣọ tí ẹ bá ti kó káńfọ̀ sí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a dáadáa kó tó kan ara ọmọ.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí pé ṣé kí àwọn sọ ọmọ lórúkọ tó bá pé ọjọ́ kẹjọ tó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Àwọn ẹbí á ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n wò ó ná. Lójú tèmi, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Àríyá lè dúró, àwọn alága lè dúró, orúkọ ò gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ wá, ẹ kọ́wọ́ sínú ínkúbétọ̀, ẹ pe orúkọ ẹ̀ sí i létí, a ó kọ ọ́ sára ibùsùn ẹ̀, gbogbo wa á sì máa fi pè é.

Tí ẹ bá délé ń kọ́? Wọn ò ní dá yín sílẹ̀ àfi tí ọmọ bá ń mu ọyàn dáadáa, tó ń fi ìwọ̀n kún un, tí ooru ara ẹ̀ dúró. Ẹ má jáyà tí ìwọ̀n ẹ̀ bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. KMC ò tíì parí o, ẹ máa ṣe é lọ nílé títí ọmọ á fi máa jà, tó máa fẹ́ jáde, ara ẹ̀ ló máa sọ fún yín. Ẹ dín àlejò kù, ẹni tó bá ń húkọ́ kó dúró síta, kò sí ìfẹnukonu, kò sí sìgá nítòsí, ẹ má gbé e lọ sí páátì tàbí ìsọjí láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Àmọ́ tí ẹ bá rí i pé kò mu ọyàn mọ́, tó rọ jọwọrọ, tí ara ẹ̀ tutù tàbí tó gbóná ju bó ṣe yẹ, tó ń mí yára ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí àyà ẹ̀ ń wọnú, tí ètè ẹ̀ dúdú, tí ikùn ẹ̀ wú, tó bì, tí èébì yẹn ní àwọ̀ ewé, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ di yẹ́lò, tí gìrì mú un, ẹ dì í mọ́ àyà kẹ́ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù, òru ni o, òjò ni o. Ẹ má fi oògùn kankan gbìyànjú ẹ̀ nílé.

Ojú ẹ̀ náà. Ọ́síjìn tó gbà ẹ̀mí ẹ̀ là, tó bá pọ̀ jù ó lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń dín in kù tí ẹ máa ń rò pé a fẹ́ fi du ọmọ ni. Stevie Wonder tí gbogbo yín mọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i lọ́dún 1950, irú ìṣòro yìí ló gba ojú ẹ̀. Lónìí dókítà ojú lè rí i lásìkò kó sì tọ́jú ẹ̀, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Ìta ò lè fi hàn, ojú á dán, á mọ́ gaara, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ bèèrè kí wọ́n kọ ọjọ́ yẹn sínú káàdì yín kẹ́ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ bèèrè àyẹ̀wò etí náà.

Tó bá wá ń dàgbà, àwọn èèyàn á máa bi yín pé oṣù mẹ́fà kọ́ lẹ sọ ni, kí ló dé tí ò tíì jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n bí i lẹ fi ń ka ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má sún un síwájú àyàfi tí dókítà bá ní kẹ́ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti jíjókòó, rírá, dídúró, ẹ yọ oṣù tó fi tètè dé kúrò. Ọmọ tó fi oṣù méjì ṣáájú, tó bá pé oṣù mẹ́fà, ohun tí ọmọ oṣù mẹ́rin ń ṣe ni kẹ́ẹ máa retí lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa kà á bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa pé ọdún méjì. Tí aládùúgbò bá tún bi yín, ẹ sọ fún un pé oṣù mẹ́rin ni, kẹ́ẹ máa bá tiyín lọ.

Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ màá dáhùn. Tí ẹ bá sì mọ ìyá kan tó wà ní wọ́ọ̀dù báyìí, ẹ fi eléyìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kẹ́ẹ sì gbé oúnjẹ lọ fún un.